Aṣọ ẹbí tó di eérú: ẹ̀kọ́ tí kámẹ́rà olówó ńlá kọ́ mi

Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì pé oṣù kan, ara mi kò sì tíì balẹ̀, nítorí náà kí ẹ̀yin tí ẹ ń fi fótò yíyà jẹun bí èmi fi orí jì mí bí mo bá sọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yin náà mọ bí àìsàn yìí ṣe máa ń ṣe ènìyàn: ẹ ó wo fídíò kan lálẹ́, ẹ ó wo òmíràn, kí ilẹ̀ tó mọ́, kámẹ́rà tó ń bọ́ yín ti di ẹgbin lójú yín.

Kámẹ́rà Leica ni àìsàn tèmi. Ní Wetzlar, lórílẹ̀-èdè Jámánì, ni wọ́n ti ń ṣe é. Oskar Barnack ni ó ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀, wọ́n sì gbé e síta fún títà ní ọjà ńlá Leipzig ní 1925. Mo mọ ìtàn náà sórí bí ọmọ ilé kéú ṣe mọ Fátíhà. Mo sọ fún ìyàwó mi pé owó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í ṣòfò, pé ní 2022, mílíọ̀nù 14.4 owó Yúróò ni wọ́n ta èyí tí Barnack fúnra rẹ̀ lò. Ó dá ọwọ́ ẹ̀fọ́ tó ń já dúró, ó ní, “Bàbá Kẹ́hìndé, ẹni tó rà á, ṣé ó ti fi ya ẹnikẹ́ni?” N kò dá a lóhùn.

Tòkunbọ̀ ni èyí tí mo rà, M Monochrom tó jáde ní 2012. Àwọn tó ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ yọ àwọn àsẹ́ tíntìntín tí kámẹ́rà mìíràn fi ń mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé, kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé láìsí ìdènà. Dúdú àti funfun nìkan ni ó ń yà, kò sì sí ẹni tó lè fi kọ̀ǹpútà dá àwọ̀ padà sí i. Ọwọ́ ni a fi ń yí lẹ́ǹsì rẹ̀ títí ojú àwòrán yóò fi mọ́. Kò tilẹ̀ ní àmì pupa roboto tí a fi ń dá Leica mọ̀. Àwọn tí tiwọn ní i pàápàá, ọ̀pọ̀ wọn a máa fi téèpù dúdú bò ó kí wọ́n má baà dà bí ẹni ń fọ́nnu. A ń sanwó orúkọ, a sì tún ń wá ohun tí a ó fi bo orúkọ náà. Gbogbo èyí ni mo mọ̀ kí n tó rà á, ẹnikẹ́ni kò lù mí ní jìbìtì. Nikon tí mo fi ya ìnáwó fún ọdún 7 ni mo tà kí owó rẹ̀ tó pé.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo gbé e lọ ni yìgì kan ní Ẹ̀pẹ́ níbí. Ọmọ Èkó-Ẹ̀pẹ́ ni ìyàwó, gèlè pupa bí epo ni wọ́n dé. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ ni ọkọ, àwọ̀ ewé ni tiwọn. Mo ti sọ fún Àláàjà, ìyá ìyàwó, pé àwòrán àrà ni n óò yà, ó sì rò pé àwọ̀ tí yóò tàn ju ti ẹlòmíràn lọ ni mo ń wí. N kò là á yé e. Mo gbà pé mo jẹ̀bi, ṣùgbọ́n òun náà kò bi mí.

Ọjọ́ tí mo kó àwòrán lọ ni ojú mi rí màbo. Àláàjà ṣí ojú ewé kìíní, kò sọ̀rọ̀. Ó ṣí ìkejì. Ó wá fi itọ́ ra àtàǹpàkò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu gèlè ara rẹ̀ nínú àwòrán náà díẹ̀díẹ̀, bóyá eruku ni ó bo àwọ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí kò rí nǹkan kan, ó wọ yàrá lọ, ó yọ gèlè náà gan-an nínú ọ̀rá, ó sì tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán.

“Fótò, kí ni èyí?”

“Àláàjà, bí wọ́n ṣe ń ya ti àwọn ọlọ́lá nìyẹn ní Jámánì.”

“Ṣé Jámánì ni mo ti ná owó mi? Oṣù mẹ́ta ni mo fi wá àwọ̀ yìí, ìwọ sọ ọ́ di eérú. Tọ́ka sí ẹbí wa kí n rí i.”

Mo tẹjú mọ́ ọn títí, n kò lè dá wọn mọ̀. Pupa epo àti àwọ̀ ewé ti di eérú kan náà. Láti ìgbà tí Ọba Kòsọ́kọ́ ti kúrò ní Èkó wá tẹ̀dó sọ́dọ̀ wa lẹ́yìn ogun 1851 ni Èkó-Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ ti wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kámẹ́rà mi fi ọ̀sán kan ṣoṣo sọ wọ́n di ọmọ ìyá. Ìyàwó tuntun yọjú wò ó, ó ní ó jọ ti ìkéde òkú. Àláàjà kò bú mi. Ìbá sàn kó bú mi. Ó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ fún mi, ẹja rẹ̀ kò sì lọ lọ́nà ọ̀fun mi.

Mo dá ìdajì owó padà, mo gba àwọn tí àlejò fi fóònù yà, mo tò wọ́n sínú ìwé àwòrán tuntun, ọ̀rọ̀ parí. Ọmọdé kan tí wọ́n gbé fóònù fún kó má baà sunkún ni ó ya èyí tó dára jù.

Ẹ̀kọ́ kìíní ni pé kí a má ta kámẹ́rà tó ń bọ́ wa. Èkejì ni pé àwọ̀ aṣọ ni oníbàárà ń sanwó fún. Ẹ̀kẹta ni pé kí a má ta kámẹ́rà tó ń bọ́ wa. Mo mọ̀ pé mo ti sọ ọ́, ṣùgbọ́n bí Nikon yẹn bá wà lọ́rùn mi lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tí ìbá fi itọ́ nu àwòrán mi. N kò ní kámẹ́rà náà burú o. Mo fi ya bàbá apẹja kan létí ọ̀sà láàárọ̀, gbogbo ìlà ojú rẹ̀ ni ó yọ ketekete, ṣùgbọ́n bàbá kò san kọ́bọ̀.

Lánàá, ẹnìkan ti Lẹ́kì wá rà á. Kò yà ohunkóhun. Ó dijú, ó ń tẹ̀ ẹ́ léraléra létí ara rẹ̀, ó gbóòórùn awọ rẹ̀, ó wá béèrè páálí. Ìyàwó mi fa páálí náà yọ lábẹ́ ibùsùn, ó da òwú, bọ́tìnnì àti abẹ́rẹ́ ìránṣọ inú rẹ̀ sórí àga. Ọkùnrin náà tan iná fóònù sínú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó ní òun yóò yọ ₦200,000 nítorí abẹ́rẹ́ ti ha á. Mo gbà.