Ẹ̀bùrú, àbùjá, fàyàwọ́: ọ̀rọ̀ tó bọ́ lẹ́nu mi ní Jámánì

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo lò nílé ní Àgbádárìgì lọ́dún yìí. Orí bẹ́ǹṣì onígi tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù màámi, lẹ́bàá ọjà Agbálátà, ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìrẹsì àti òróró ni wọ́n ń tà. Ọ̀rẹ́ wọn kan wà tí wọ́n ti jọ ń ṣòwò láti ìgbà tí mo wà ní jẹ́léósinmi, Ìyá Oníṣúgà la máa ń pè wọ́n. Àwọn méjèèjì ló ní kí n jókòó, kí n sọ ohun tí ojú mi rí kí ìwé mi tó gún régé ní Jámánì. Mo bẹ̀rẹ̀ ìtàn, àmọ́ orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la há sí ní gbogbo ọ̀sán náà.

Ẹni tó bá dàgbà sí tòsí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, kò sẹ́ni tó máa ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ ní orúkọ tí wọ́n ń pe yíyí òfin po. Fàyàwọ́ nìkan tó o. Ẹ wo bí wọ́n ṣe hun ún: fa àyà wọ́, bí ejò, títí tí o fi gba abẹ́ okùn kọjá. Nígbà tí ìjọba ti ẹnubodè pa ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, tí wọn kò ṣí i padà títí di oṣù kejìlá ọdún 2020, ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lẹ́nu èèyàn. Síbẹ̀, mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé "fàyàwọ́ ni mò ń ṣe" rí. "Mo lọ kó ọjà" ni. Àwọn ẹlòmíì ló máa ń ṣe fàyàwọ́.

Ẹ̀bùrú kò lẹ́ṣẹ̀ lọ́rùn ní tiẹ̀. Ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ni, táwọn ará àdúgbò mọ̀, tí àlejò kò mọ̀. Àbùjá náà rí bẹ́ẹ̀, àfi pé kò sí lọ́rùn ọ̀pẹ. Bí wọ́n bá ní kí o "dọ́gbọ́n sí i", ó lè jẹ́ pé kí o fi wáyà so jẹnẹrétọ̀ tó já ni, ó sì lè jẹ́ pé kí o dín ọjọ́ orí rẹ kù. Ohùn ẹni tó ń sọ ọ́ lo máa fi mọ̀. "Ẹ wá nǹkan ṣe sí i" ní tiẹ̀, owó ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Bó bá sì di mágòmágó, ẹni tí kò rí pín níbẹ̀ ló sábà máa ń pè é bẹ́ẹ̀.

Kí n tó lọ, wọ́n ní àwọn ará Jámánì kò ní irú ọ̀rọ̀ báyìí. Irọ́ ni. Wọ́n ní Schlupfloch, ihò tí nǹkan ń yọ́ gbà jáde. Wọ́n ní Vitamin B. B yẹn dúró fún Beziehungen, ìyẹn ni pé kí èèyàn léèyàn. Níbi tí àwa ti ń bẹ òṣìṣẹ́ pé "ẹ jọ̀ọ́, ẹ mójú kúrò", àwọn á ní kó di ojú kan. Ojú kan péré o! Èkejì ṣì ń wò ọ́.

Èyí tó kó bá mi ni umgehen. Bí o bá tẹ um tó wà níwájú, tí mit sì ń bá a rìn, o fẹ́ bá nǹkan lò bó ṣe yẹ. Bí o bá tẹ geh tó wà láàárín, tí kò sí mit, o fẹ́ yí nǹkan náà po ni, kó má lè mú ọ. Àwa tá a mọ̀ pé yà kì í ṣe ya, kò yẹ ká ṣi irú èyí sọ. Àmọ́ oṣù mẹ́rin péré ni mo fi kọ́ èdè náà kí n tó lọ.

Lọ́hùn-ún, bí o bá kó wọlé tuntun, ọ̀sẹ̀ méjì lo ní láti lọ forúkọ àdírẹ́sì rẹ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2015, dandan ni kí ẹni tó gbà ọ́ sílé fọwọ́ sí ìwé pé lóòótọ́ lo kó wọ ibẹ̀. Bọ̀dá ọmọ Yorùbá kan ló fi yàrá háyà fún mi. Owó ni bọ̀dá gbà, wọn ò gba bírò. Wọn ò fẹ́ kí onílé gan-an gbọ́ pé mo wà níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lọ ra àdírẹ́sì lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á. Mo wo ohun tí òfin sọ: ẹni tó bá yá èèyàn ní àdírẹ́sì tí kò gbé lè san ìtanràn tó tó 50,000 yúrò. Mo ka òdo yẹn lẹ́ẹ̀mejì, mo pa fóònù dé.

Ní ọjọ́ kẹwàá, mo gba ọ́fíìsì lọ. Mo ti fi òru kọ gbólóhùn mi sílẹ̀: báwo ni mo ṣe lè bá òfin yìí lò? Ìwé wà lápò. Nígbà tó kàn mí, ìtìjú ò jẹ́ kí n yọ ọ́. Wie kann ich diese Regel umgehen? Mo tún fi ẹ̀rín lé e. Obìnrin tó jókòó nídìí kọ̀ǹpútà yọ awò ojú rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ní: "Umgehen?" Ó tẹ àárín rẹ̀ dáadáa.

Màámi pàtẹ́wọ́. "Yéè! O lọ bá oníbodè, o ní kó wá fi ọ̀nà fàyàwọ́ hàn ọ́!"

Mo yọ ìwé mi, mo nà án sí obìnrin náà. Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó wá sọ ohun tí ẹnikẹ́ni nínú àwa tá a jọ jẹ́ ọmọ ilé kò sọ fún mi: bí ẹni tó gbà mí sílé bá kọ̀ láti fọwọ́ sí i, òfin yẹn kan náà ló ní kí n wá sọ ọ́ fún wọn. Ó mú bírò. Kí ni orúkọ ẹni náà?

Mo ní mò ń bọ̀. Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo pe bọ̀dá. "Ẹ jọ̀ọ́, bọ̀dá, wọ́n ní kí n mú orúkọ yín wá o. Kí ni kí n sọ?" Wọ́n dákẹ́ títí mo fi rò pé káàdì mi ti tán. Alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n fọwọ́ sí i. Ó tó oṣù kan kí wọ́n tó dáhùn kíkí mi.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, mo gbé ṣinṣín tí mo dín fúnra mi lọ fún obìnrin ọ́fíìsì náà. Kò gbà á. Ó ní òfin ò gba òun láyè. Gbogbo ìtàn yìí, ibẹ̀ nìkan ni màámi ò gbà gbọ́.

"Ṣinṣín lásán?"

Ìyá Oníṣúgà ò tiẹ̀ kọbi ara sí ṣinṣín. Wọ́n ní, "Èyí tí o ṣe fún bọ̀dá yẹn ńkọ́? O halẹ̀ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ."

"Ìhàlẹ̀ kẹ̀?" ni màámi wí. "Ó lo ọgbọ́n inú ni. Ẹni tó gbowó, tó fi ìwé pamọ́, kí lẹ fẹ́ pe tiẹ̀?"

"Àtijẹ ni."

Wọn ò tíì yanjú ẹ̀ nígbà tí oníbàárà kan yà wá, ó fọwọ́ lu àpò ìrẹsì tó wà níwájú. "Ẹ kú ọjà, mà. Ibo ni wọ́n ti kó èyí wá?"

Màámi wo Ìyá Oníṣúgà. Ìyá Oníṣúgà wo ojú títì.

"Ọjà ni," ni màámi dá a lóhùn. "Àpò mélòó lẹ fẹ́?"