Ilé Àǹtí ni mo fi ń wọn òtẹ́ẹ̀lì

Ní Nàìjíríà, ẹni tó bá fẹ́ kó ìyàwó àtọmọ lọ ṣe ìsinmi ní ìlú mìíràn kì í kọ́kọ́ béèrè òtẹ́ẹ̀lì. "Ta la ní níbẹ̀?" ni ìbéèrè àkọ́kọ́. Bí àǹtí ẹni bá wà ní Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ bùṣe. Wọ́n á tẹ́ ẹní sí pálọ̀ fún àwọn ọmọ, wọ́n á yọ̀ǹda yàrá kan fún tọkọtaya, oúnjẹ àárọ̀ á sì ti jinná kí àlejò tó jí. Ẹni tó bá lọ gba òtẹ́ẹ̀lì nígbà tí ẹbí rẹ̀ wà nílùú, àlàyé ńlá ń bẹ lọ́rùn rẹ̀. "Kí ni ilé tèmi ṣe tí ẹ ò fi lè sùn níbẹ̀?" Àǹtí mi ti bi mí ní ìbéèrè yìí rí, ẹ̀bẹ̀ la fi parí rẹ̀.

Ní Houston, ní Texas l'Amẹ́ríkà, tí à ń gbé báyìí, ìlú tó wu àwọn ọmọ láti rí pọ̀, ṣùgbọ́n a ò lẹ́bìí ní àwọn ìlú ọ̀hún. Àwọn ọ̀rẹ́ tí a ní ní Maryland, nítòsí Washington tó jẹ́ olú ìlú Amẹ́ríkà, pàápàá, iṣẹ́ ò jẹ́ kí wọ́n gbélé. Àárọ̀ kùtù ni wọ́n ń jáde, alẹ́ ni wọ́n ń wọlé. Kò bójú mu ká kó èèyàn márùn-ún lọ bá wọn fún odidi ọ̀sẹ̀. Nígbà tí a sì ṣírò owó òtẹ́ẹ̀lì ní Washington, a rí i pé póíǹtì, èrè tí òtẹ́ẹ̀lì ń kó jọ fún oníbàárà tó sì ṣeé fi gba yàrá dípò owó, ló lè gbé wa débẹ̀ láìjẹ gbèsè.

Bí àwọn ará wa kan ṣe ń ná póíǹtì máa ń dùn mí. Wọ́n á kó o jọ fún ọdún mélòó kan, wọ́n á wá da gbogbo rẹ̀ sórí òtẹ́ẹ̀lì olórúkọ ńlá fún alẹ́ méjì, níbi tí ẹyin àti búrẹ́dì àwọn ọmọ ti ń gba owó tó ń dẹ́rù bani. Lójú tèmi, ohun tí ilé Àǹtí ń fún àlejò ni kéèyàn máa wá: àyè tó gba gbogbo ẹbí, oúnjẹ àárọ̀, ibi ìdáná, àti ọ̀nà tó yá láti jáde. Orúkọ tó wà lára ògiri ò bọ́ ọmọ.

Bí póíǹtì ṣe ń wọlé kò ṣòro. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn iléeṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ńlá bíi Hilton, Marriott, Hyatt àti IHG. Ní èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn òtẹ́ẹ̀lì Hilton àti Marriott, póíǹtì 10 ni wọ́n ń fúnni lórí dọ́là kan tí a bá ná sí yàrá. 5 ni ti Hyatt, ṣùgbọ́n póíǹtì Hyatt kan níye lórí ju ti àwọn yòókù lọ. Káàdì kírẹ́dítì ló ń mú un pọ̀ kíákíá: epo mọ́tò, oúnjẹ ilé, owó fóònù, gbogbo rẹ̀ ló ń di póíǹtì. Ẹni tí kò bá lè san gbèsè káàdì náà tán lóṣooṣù, kó má ṣe é rárá. Èlé orí káàdì ní Amẹ́ríkà sábà máa ń kọjá ìdá 20 nínú 100 lọ́dún, kò sí póíǹtì tó lè dí ihò yẹn. Ẹbí sì lè da ti wọn pọ̀: lọ́dọ̀ Hilton, èèyàn 11 lè kó póíǹtì wọn sójú kan lọ́fẹ̀ẹ́, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń da tèmi àti ti ìyàwó mi pọ̀. Kẹ́ ẹ má gbàgbé pé ó ń kú o. Bí ọdún méjì bá kọjá tí póíǹtì kankan ò wọlé tí kò sì jáde, póíǹtì Hilton, Marriott àti Hyatt á pòórá.

Nílé, ní Nàìjíríà, ojú ni wọ́n fi ń mọ oníbàárà. Ìyá onírẹsì ní Bódìjà mọ ẹni tó máa ń wá, kò bi í ní nọ́ńbà kankan, á bu èènì lé kóńgò rẹ̀ láìjẹ́ pé ó tọrọ. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èèyàn á pe máníjà lórí fóònù: "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa tá a wá nígbà Àjíǹde la tún ń pè. Ẹ bá wa ṣe é níwọ̀n." Owó á sì wálẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó wà nídìí tábìlì lè kí wa tẹ̀rín tọ̀yàyà, kò lágbára lórí owó yàrá; kọ̀ǹpútà ló ń gbé e sókè, òun náà ló ń gbé e wálẹ̀. Nítorí náà, ìṣirò ni kéèyàn gbé kalẹ̀.

Ká ní yàrá kan ní Washington jẹ́ dọ́là 220 lálẹ́. Owó orí òtẹ́ẹ̀lì níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 16 nínú 100, ìyẹn á sọ ọ́ di nǹkan bíi dọ́là 255. Tí Hilton bá ní ká mú póíǹtì 50,000 wá, póíǹtì kọ̀ọ̀kan ra ohun tó lé díẹ̀ ní ìdajì sẹ́ǹtì. Mo máa gbà á. Tí yàrá dọ́là 160 bá ń béèrè póíǹtì 60,000, owó ni mo máa san, màá tọ́jú póíǹtì. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí owó orí lórí yàrá tí a fi póíǹtì nìkan gbà. Ẹni tó ń san ìdá 17 lórí yàrá òtẹ́ẹ̀lì ní Houston mọ bí ìyẹn ṣe tó.

Alẹ́ karùn-ún náà wà níbẹ̀. Lọ́dọ̀ Marriott, ẹni tó bá fi póíǹtì gba alẹ́ márùn-ún tẹ̀ léra, póíǹtì alẹ́ mẹ́rin ló máa san. Hilton náà ń ṣe é fún ẹni tó bá ti dé ipò Silver, ìpele kan láàárín àwọn oníbàárà wọn tó forúkọ sílẹ̀. Nínú ilé wa, a kì í gba alẹ́ mẹ́rin mọ́. Ẹ tún wo owó àfikún tí àwọn òtẹ́ẹ̀lì àárín ìlú kan ń bù lé owó yàrá lójoojúmọ́: Hilton àti Hyatt kì í gbà á lọ́wọ́ ẹni tó fi póíǹtì nìkan sanwó, ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì Marriott ń gbà á. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2025, òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan pé kí irú owó bẹ́ẹ̀ hàn nínú iye tí wọ́n kọ́kọ́ fi han oníbàárà. Inú mi dùn sí òfin yẹn gan-an.

Wàyí o, àyè. Yàrá òtẹ́ẹ̀lì Amẹ́ríkà tó wọ́pọ̀ ní ibùsùn méjì, èèyàn mẹ́rin ni wọ́n sì ń gbà síbẹ̀. Ẹbí tí màmá ìyàwó bá tẹ̀ lé ti kọjá ibẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn Embassy Suites, ọ̀kan nínú àwọn òtẹ́ẹ̀lì Hilton: yàrá ní ìlẹ̀kùn tirẹ̀, pálọ̀ ní àga gígùn tó ń di ibùsùn, wọ́n sì ń se oúnjẹ àárọ̀ fún gbogbo ilé lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ọmọ lè sùn sí pálọ̀ bí wọ́n ṣe ń sùn nílé Àǹtí.

Ṣùgbọ́n bí èyí tó ní ibi ìdáná bá wà, n kì í wo òmíràn mọ́. Residence Inn ti Marriott, Homewood Suites ti Hilton àti Hyatt House sábà máa ń ní sítóòfù, fíríìjì, ìkòkò àti abọ́ nínú yàrá, oúnjẹ àárọ̀ wọn náà sì sábà máa ń jẹ́ ọ̀fẹ́. Màmá á ti di ọbẹ̀ ata tó ti dì gbagidi sínú báàgì, pẹ̀lú èlùbọ́ àti gààrì. Lẹ́yìn tí a bá ti fẹsẹ̀ rìn káàkiri látàárọ̀, àmàlà gbígbóná lálẹ́ ń tu gbogbo wa lára. Ká ní a jẹun nílé oúnjẹ ní dọ́là 25 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, dọ́là 125 ti lọ kí a tó fún agbáwo ní tirẹ̀. Ẹ ṣáà tan fáànù orí sítóòfù kí ẹ tó gbé epo kaná, torí agogo èéfín ibẹ̀ yára ké.

Ní ti ọ̀nà, gbogbo èèyàn ló ń lé àárín Washington, àmọ́ ẹ wo òdìkejì odò Potomac, ní Arlington. Ọkọ̀ ojú irin Metro ti ọ̀nà búlúù (Blue Line) ń gba Crystal City, Pentagon City àti Rosslyn kọjá, ó sì ń gbéni dé ibùdó Smithsonian láìpààrọ̀ ọkọ̀. Póíǹtì tí wọ́n ń béèrè lápá ibẹ̀ sábà máa ń kéré. Ẹ má háyà mọ́tò, owó ibi ìgbọ́kọ̀sí á jẹ èrè póíǹtì yín. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian tó wà ní Washington. Èyí tó wà fún ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, tí wọ́n ṣí ní 2016, ń béèrè pé kéèyàn ti gba àkókò sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì gba kọ́bọ̀. Ti iṣẹ́ ọnà Áfíríkà náà wà nítòsí, wọ́n sì ní iṣẹ́ igi Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì lọ́wọ́. Mo fẹ́ kí ọmọ tí a bí sí Texas mọ̀ pé ọwọ́ ará Èkìtì ló gbẹ́ ohun tí olú ìlú Amẹ́ríkà ń tọ́jú bẹ́ẹ̀.

Ní Èkó, ọ̀sà ló ń pinnu ibi tí èèyàn máa sùn. Ẹni tó fẹ́ kí àwọn ọmọ rìn lórí afárá orí igi ní Lekki Conservation Centre, tó gùn tó mítà 401, tó wá gba òtẹ́ẹ̀lì sí Ìkẹjà, inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ orí Third Mainland Bridge ni ìsinmi rẹ̀ máa parí sí. Ọkọ̀ ojú irin Èkó tó bẹ̀rẹ̀ ní 2023 láti Marina dé Mile 2 dára, àmọ́ kò dé Lẹ́kì. Bó bá jẹ́ ẹbí tó wà ní Agége àti Ọ̀gbà la fẹ́ kí, Ìkẹjà náà ló tọ́.

Ìbéèrè tí à ń bi àwọn òtẹ́ẹ̀lì nílé tún yàtọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹnikẹ́ni kì í béèrè iná tàbí omi. Nílé, òun ló ń ṣáájú owó: aago mélòó lẹ ń pa jẹnẹrétọ̀? Ṣé omi ń yọ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì? Oúnjẹ àárọ̀, èèyàn mélòó ló wà fún? Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé ti àgbà méjì ni, tọmọdé lọ́tọ̀. Ṣé VAT ìdá 7.5 àti owó ìjọba Èkó ìdá 5 ti wà nínú rẹ̀? Póíǹtì ò sì lè dé ibi púpọ̀. Marriott wà ní Ìkẹjà, Transcorp Hilton wà ní Àbújá, iléeṣẹ́ Radisson náà ní òtẹ́ẹ̀lì Park Inn kan ní Abẹ́òkúta. Ní ọ̀pọ̀ ìlú yòókù, owó ọwọ́ àti ìdúnàádúrà ni. Síbẹ̀, òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì nílé á gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, á pọ̀n ọ́n kí ìyá lè jẹun. N kò tíì rí òtẹ́ẹ̀lì Amẹ́ríkà tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún wa, bó ti wù kí póíǹtì náà pọ̀ tó.

Ìgbà tí a ń gba yàrá náà ṣe pàtàkì. Ní ìparí oṣù Kẹta sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin, òdòdó cherry máa ń kó èrò wọ Washington, póíǹtì á sì fò sókè. Mo máa ń tètè gbà á, torí póíǹtì ń padà sí àpò wa bí a bá fagi lé e kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó kọjá. Lẹ́yìn náà, màá máa yẹ̀ ẹ́ wò; tí iye bá wálẹ̀, màá gba tuntun kí n tó fagi lé ti àtijọ́. Nílé, owó tí èèyàn bá ti fi ráńṣẹ́ sí àkáǹtì òtẹ́ẹ̀lì ṣòro láti gbà padà, nítorí náà alẹ́ àkọ́kọ́ nìkan ni mo máa ń san sílẹ̀, màá san ìyókù nígbà tí mo bá ti fojú rí yàrá tí mo sì ti ṣí ẹ̀rọ omi wò.