Ilé ìtajà tí wọ́n tì pa ní Tákìé

Àgádágodo ti dípẹtà lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan nítòsí Tákìé, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ibẹ̀ ni ìyá mi ti máa ń ra yunifọ́ọ̀mù àti bàtà ilé-ìwé fún wa. Mo ṣì rántí òórùn aṣọ tuntun, àti àtẹ̀gùn onísímẹ́ǹtì pupa tó ń dán gbinrin. Ewúrẹ́ ló ń sùn síbẹ̀ báyìí, àwọn ìyá alátẹ sì ń jókòó sínú oòrùn níwájú ilé tó ṣófo. Ó ń dùn mí gan-an.

Àbúrò mi tó wà ní Ìlú Ọba ló là mí lójú. Ní 2021, ilé-iṣẹ́ ìtajà ńlá kan tó ń jẹ́ Debenhams ti gbogbo ilé ìtajà rẹ̀ níbẹ̀ pa. Èyí tó wà ní ìlú Gloucester, yunifásítì ló rà á, tó sọ ọ́ di ibi ẹ̀kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń wọlé tó ń jáde á ra oúnjẹ, á gẹrun.

Ṣé àwa tí yunifásítì LAUTECH wà lọ́dọ̀ wa ni ò ní akẹ́kọ̀ọ́? Kí ìsàlẹ̀ jẹ́ ti àwọn alátẹ àti aránṣọ, kí òkè jẹ́ yàrá ìkàwé àti yàrá tí èèyàn lè háyà. Mo ti lọ bá ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ dáwódù bàbá onílé lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní ẹbí máa jókòó lé e lórí lẹ́yìn Iléyá.