Owó ìlera wà nínú ìwé, kò dé wọ́ọ̀dù

Kò sí gómìnà tàbí mínísítà tó máa bọ́ síta kó ní, "A ti gé owó oúnjẹ yín." Wọn kì í gé e báyẹn. Wọ́n á fi orúkọ ètò náà sílẹ̀ nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, wọ́n á kọ owó síwájú rẹ̀, owó ọ̀hún ò ní jáde. Tàbí kí wọ́n fi iye rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà látẹ̀yìnwá, kí ọjà fúnra rẹ̀ máa bá wọn gé e. Tàbí kí wọ́n ní àwọn kàn dá a dúró díẹ̀ ni.

Ẹ wo oúnjẹ ilé ìwé. Ní 2016 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún àwọn ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀, kíláàsì kìíní sí ìkẹta, 70 náírà fún abọ́ kan. Ìyá tó bá ń se oúnjẹ fún ọmọ 100, 7,000 náírà ni tiẹ̀ lójúmọ́. Inú 7,000 yẹn ni ìrẹsì tàbí ẹ̀wà ti máa jáde, òróró, ata, ẹyin tàbí ẹja, igi ìdáná, owó ọkọ̀, àti èrè tòun náà. Ó di 2022 kí ìjọba tó ní kó di 100 náírà. Àpò ìrẹsì tí kò tó 25,000 ní 2016 ti kọjá 60,000 nígbà tí 2024 fi wọlé. Kí lẹ fẹ́ kí ìyá náà ṣe? Á kọ́kọ́ pín ẹyin sí méjì. Tó bá yá, ẹyin á di ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ìrẹsì á wá dá wà nínú abọ́. Kò sí òfin kankan tó yí padà o, síbẹ̀ oúnjẹ ti dín kù. Ní oṣù kìíní 2024, ìjọba dá ètò náà dúró pẹ̀lú gbogbo àwọn ètò ìrànwọ́ tó kù lábẹ́ àjọ kan náà. Wọ́n ní fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni, káwọn lè wádìí owó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn kò parí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ti ìlera ò yàtọ̀. Òfin ìlera ọdún 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ìdá 1 nínú 100 owó àpò rẹ̀, ó kéré tán, fún ìlera ìpìlẹ̀. BHCPF làwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń pe owó náà. 2018 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fojú hàn nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì. Ọdún mẹ́rin ni òfin fi wà nílẹ̀ láìsí kọ́bọ̀ nídìí rẹ̀.

Èkó náà ní tirẹ̀. Nínú Ìlera Èkó, ìyẹn ètò adójútòfò ìlera ti ìpínlẹ̀ náà, owó kan wà tí wọ́n ń pè ní Equity Fund, ìdá 1 nínú 100 owó àpò ìpínlẹ̀, tí wọ́n fi ń san adójútòfò fún arúgbó, aláboyún, ọmọ wẹ́wẹ́ àti àkàndá ẹ̀dá tí kò ní lọ́wọ́. Owó yìí gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ máa ṣọ́.

Bí ẹ ó ṣe ṣọ́ ọ nìyí. Ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, iléeṣẹ́ tó ń rí sí bọ́jẹ́ẹ̀tì ní Aláùsá máa ń gbé ìwé sórí íntánẹ́ẹ̀tì nípa bí owó ṣe jáde. Ìwé gígùn ni, ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta péré lẹ ń wá níbẹ̀: iye tí wọ́n fọwọ́ sí, iye tó ti jáde láti oṣù kìíní, àti ìdá tí ìyẹn jẹ́ nínú 100. Orúkọ àjọ tó ni ètò náà ni kẹ́ ẹ wá, ìyẹn LASHMA. Àìmọye èèyàn ló ń wá "Ìlera Èkó" nínú ìwé yẹn, tí wọn ò rí i, tí wọ́n á wá pariwo pé ìjọba ò fi nǹkan kan sílẹ̀.

Ká ní wọ́n fọwọ́ sí bílíọ̀nù kan náírà, àpẹẹrẹ lásán ni o, tí oṣù kẹfà sì parí tí mílíọ̀nù 120 ló jáde. Ìdá 12 nínú 100 nìyẹn, nígbà tó yẹ kó ti súnmọ́ 50. Àmọ́ ẹ má kánjú. Owó iṣẹ́ ńláńlá, bíi ilé kíkọ́ àti ẹ̀rọ, sábà máa ń pẹ́ kó tó jáde, nítorí náà kí ó kéré ní oṣù kẹta kò tíì túmọ̀ sí nǹkan kan. Tó bá ṣì wà bẹ́ẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, ọ̀rọ̀ ti wà níbẹ̀. Èyí tó tún máa ń tan èèyàn jẹ ni owó oṣù òṣìṣẹ́. Owó oṣù kì í dúró, torí náà ó lè gbé àròpọ̀ àjọ kan dé ìdá 80, kí owó tó kan aláìsàn fúnra rẹ̀ má tíì kúrò lójú kan. Ìlà kọ̀ọ̀kan ni kẹ́ ẹ kà, ẹ fi àròpọ̀ ìsàlẹ̀ sílẹ̀.

Tí nǹkan bá rú yín lójú, ẹ kọ lẹ́tà. Òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba, láìsọ ìdí. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti dáhùn, wọ́n sì lè fi 7 mìíràn kún un. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ ní ọjọ́ 30 láti lọ sílé ẹjọ́. Tẹ́lẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ kan máa ń ní òfin náà ò kan àwọn, àfìgbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá wọn lóhùn ní 2025 pé ó kàn wọ́n.

Ohun tó ń ba lẹ́tà jẹ́ ni ìbínú. "Kí ló dé tẹ́ ẹ jẹ owó wa?" kì í ṣe ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni máa dáhùn. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Mo ń béèrè ẹ̀dà ìwé tó fi iye owó Equity Fund tó jáde láti oṣù kìíní sí oṣù kẹfà hàn, ọjọ́ tó jáde, àti iye èèyàn tí wọ́n fi sanwó fún." Ẹ tẹ ẹ̀dà méjì. Kí wọ́n lu sítáǹpù àti ọjọ́ mọ́ èyí tó máa wà lọ́wọ́ yín, torí láti ọjọ́ yẹn lẹ ó ti máa ka 7.

Ìgbà tẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀ náà ṣe kókó. Ìparí ọdún ni bọ́jẹ́ẹ̀tì Èkó sábà máa ń dé iwájú ilé aṣòfin. Ẹni tó bá lọ bá Ọ́nárébù àdúgbò rẹ̀ ní oṣù kejì ti pẹ́ dé ọjà. Oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá ló dáa. Ẹ mú nọ́ńbà lọ, ẹ má mú ẹ̀bẹ̀ lọ.

Ní wọ́ọ̀dù, yálà Ìsàlẹ̀ Èkó ni o tàbí Mushin, ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù ló yẹ kó máa jókòó pẹ̀lú ọ̀gá nọ́ọ̀sì lórí owó BHCPF tó bá wọ àkáǹtì ilé ìwòsàn alábọ́dé. Ẹ béèrè ọjọ́ ìpàdé wọn, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n fi ìwé ètò ìnáwó oṣù mẹ́ta hàn yín. Tí wọ́n bá ra ibùsùn tuntun nígbà tí kò sí oògùn ibà, ibẹ̀ lẹ ó ti mọ̀.

Adójútòfò tiyín náà wà ńbẹ̀. Nígbà tí Ìlera Èkó bẹ̀rẹ̀, 8,500 náírà lọ́dún ni fún ẹnì kan, 40,000 fún ẹbí ẹni mẹ́fà. Ó ti gbówó lórí sí i, ẹ béèrè iye rẹ̀ kẹ́ ẹ tó san. Àjọ ni, bí àjọ tí a ń dá lọ́jà: tó bá jẹ́ àwọn tára wọn ò yá nìkan ló ń dá a, kíá ni àpò á gbẹ, ilé ìwòsàn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ní "oògùn ti tán." Bí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ oògùn náà àti ọjọ́ sílẹ̀, ẹ gba rìsíìtì ibi tẹ́ ẹ ti rà á níta, kẹ́ ẹ fi méjèèjì ránṣẹ́ sí LASHMA lọ́jọ́ náà gan-an. Tó bá pé èèyàn mẹ́wàá láti ilé ìwòsàn kan, ẹ so ó pọ̀ mọ́ lẹ́tà tí mo sọ lókè yẹn.