Ẹ bá mi dúpẹ́, mo jáde láàyè

Ẹ bá mi gbé Ọlọ́run ga o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó bá rí mi nígbà yẹn ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe mí, torí ojú mi ò wú, apá mi ò dá, èmi gan-an ò sì mọ̀ pé ìyà ni wọ́n ń fi jẹ mí, mo kàn mọ̀ pé àyà mi máa ń já tí mo bá ti gbọ́ kọ́kọ́rọ́ ọkọ mi lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Owó oṣù mi, ọwọ́ ẹ̀ ló ń lọ. Páswọ́ọ̀dù fóònù mi wà lọ́wọ́ ẹ̀. Tí mo bá bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀, ìjà ni, títí tí mi ò fi pe ẹnikẹ́ni mọ́. Lẹ́yìn ẹ̀ á kúnlẹ̀, á sunkún, á bẹ̀ mí, ara á tù wá díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ tó fún mi lọ́rùn, ohùn mi há, mi ò lè gbé itọ́ mì dáadáa, òun náà ló sì gbé mi lọ sọ́sípítù.

Nọ́ọ̀sì tó rí mi, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó fojú sunkún ọmọ, ó ní kí ọkọ mi dúró síta, ó wá rọra bi mí pé, "Mà, ṣé ẹ̀rù ẹnì kankan ń bà yín nílé?" Mo bú sẹ́kún. Ó ní fífún lọ́rùn kì í ṣe ìjà lásán o, pé kódà bí kò bá sí àpá lọ́rùn ó lè ti ba nǹkan jẹ́ nínú, àti pé ọkùnrin tó bá ti fún ìyàwó ẹ̀ lọ́rùn rí, ewu pé ó lè pa á lọ́jọ́ mìíì pọ̀ gan-an. Ó kọ gbogbo ẹ̀ sínú fáìlì mi, ó sì fà mí lé obìnrin kan lọ́wọ́ tó ń ran irú wa lọ́wọ́.

Obìnrin yẹn ò ní kí n sá lọ́jọ́ náà, ó ní ìgbà téèyàn bá fẹ́ kúrò gan-an ló léwu jù, ká fara balẹ̀ ṣètò, kí n má sì jẹ́ kó gbọ́ rárá. Fóònù ẹlẹgbẹ́ mi níbi iṣẹ́ ni mo fi ń pè é. Sátífíkéètì ìbí àwọn ọmọ, káàdì ìdánimọ̀ mi, aṣọ díẹ̀, gbogbo ẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi kí ọjọ́ tó pé, a sì ní ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ pé tí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́, kó pe ọlọ́pàá lójú ẹsẹ̀.

Àwọn kan ní kí n fara dà á nítorí ọmọ. Àkọ́bí mi ti máa ń ti àwọn àbúrò ẹ̀ mọ́ yàrá tó bá ti gbọ́ ohùn bàbá wọn tó ròkè, ṣé nítorí ọmọ náà nìyẹn?

Kóòtù ti pàṣẹ kó má sún mọ́ wa mọ́. Mo ṣì máa ń ta jí lóru, ṣùgbọ́n owó mi ń wọ àkáǹtì tèmi, àwọn ọmọ sì ń pariwo nínú ilé bó ṣe wù wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi ò bi mí ní ìdí tí mi ò fi pè é látọjọ́ yìí, ó kàn gbà wá wọlé. Ẹ bá mi ṣàdúrà fún un. Ìwọ tó sì wà nínú ẹ̀ lọ́wọ́, jọ̀ọ́, yá fóònù ẹlòmíì, tàbí kó o sọ fún nọ́ọ̀sì nígbà tó bá ku ẹ̀yin méjèèjì.