Ẹni tí Olóde ò rí

"Ẹni tí Olóde ò rí rèé."

Ohun tí ìyá náà sọ nìyẹn nígbà tí mo yí ojú kọ̀ǹpútà sí wọn, kí wọ́n wo fọ́tò wọn tí mo tún ṣe fún bánà ọjọ́ ìbí wọn. Ọmọ wọn rẹ́rìn-ín, ó ní "Mọ́mì, ẹ ò rí i bí ẹ ṣe rẹwà!", ó san ìyókù owó, wọ́n sì lọ. Èmi ni mo ṣì ń bá ọ̀rọ̀ náà yí. Olóde ni wọ́n ń pe ilẹ̀gbóná, àrùn tó máa ń fi ihò sílẹ̀ lójú èèyàn.

Òní ṣáà: kò síná, mo ra epo, òjò dá mi dúró ní Lágéré. Ní ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yẹn, ẹ má tíì bi mí.

Bóyá ìyìn ni. Wọn ò ní kò jọ àwọn, wọn ò sì ní ó dáa. Ohùn tí wọ́n fi sọ ọ́ dà bí èyí tí èèyàn fi ń sọ pé "ọmọ lágbájá rèé" lóde ìnáwó.

Irorẹ́ kì í dà mí láàmú. Tí mo bá ti gbé Spot Healing Brush, búrọ́ọ̀ṣì tí Photoshop fi ń pa àbàwọ́n rẹ́, lé e, ẹ̀rọ á fi awọ àyíká rẹ̀ dí i, ó tán. Ká tilẹ̀ ní mo fi í sílẹ̀, fúnra rẹ̀ ló máa lọ. Ilà ojú, n kì í fọwọ́ kàn án. Àmì tí wọ́n bí mọ́ni, mo máa ń béèrè. Àpá Olóde wá ńkọ́? Kì í ṣe àbímọ́, kì í sì í lọ.

Ojú ìyá yẹn kún fún un débi pé Spot Healing ò rí nǹkan ṣe: awọ àyíká tó fẹ́ yá lò, ihò ni òun náà, ó wá ń fi ihò dí ihò. Mo bọ́ sórí Healing Brush, èyí tó ń jẹ́ kí n fúnra mi yan ibi tí màá ti mú awọ, mo tẹ Alt, mo lọ mú awọ lábẹ́ etí àti lọ́rùn níbi tó ti dán, mo ń kó o wá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ díẹ̀díẹ̀, lórí ìpele (layer) ọ̀tọ̀. Nítorí náà, ẹni tí Olóde ò rí yẹn, awọ ìyá fúnra wọn náà ni. Ó yẹ kí ìyẹn tù mí nínú.

Ọdún 1970 ni wọ́n rí àrùn náà kẹ́yìn ní Nàìjíríà. 1980 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Síbẹ̀ ìyá mi àgbà ò jẹ́ ká pe orúkọ rẹ̀ gan-an títí wọ́n fi lọ. Èmi wá jókòó ti jẹnẹrétọ̀, mo ń fi màósì nù ún kúrò. Ẹ wo àyà!

Ṣùgbọ́n bánà 70 ọdún ni, kì í ṣe ìwé ìtàn. Ẹni tó ti ń gbé ojú yẹn kiri láti kékeré, ṣé kò lè sinmi lọ́jọ́ kan ni? Mo fara mọ́ ìyẹn, títí mo fi rántí àwọn orí idẹ tí wọ́n hú ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1938, ilà wẹ́wẹ́ láti iwájú orí dé àgbọ̀n, tí ẹni tó rọ wọ́n ò pa ọ̀kan rẹ́. Mo ti fẹ́ fi wọ́n dá ara mi lẹ́bi. Àmọ́ àwọn kan nínú wọn ń dán, ìbòjú bàbà tí wọ́n ní ti Ọbalùfọ̀n, ọba Ifẹ̀ àtijọ́, ni pàápàá ò ní ilà kankan. Àwọn ará Ifẹ̀ ìgbàanì náà ò ràn mí lọ́wọ́.

Tàbí arẹwà kan tí wọ́n ti ń rò lọ́kàn láti ìgbà ọmọdé ni wọ́n rí lójú kọ̀ǹpútà mi… n ò mọ̀. Ojú ò tì mí láti béèrè, wọ́n kàn tètè dìde ni.

Ọmọ wọn pè lálẹ́ yìí. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa jẹ́ kí Mọ́mì pupa díẹ̀ sí i." Mo ní rárá, ìyá yẹn ò pupa rí. Ó ní kí n má bínú. Ta ló ń bínú?

Iná dé! Ẹ jẹ́ n lọ ṣáàjì fóònù.