Ọdún tí ìdìde di iṣẹ́ fún wa: àyẹ̀wò ọdún láti inú ọgbà

Bí mo bá ní kí n ka oṣù ọdún yìí lọ́kọ̀ọ̀kan, púpọ̀ nínú wọn ni n kò ní rí nǹkan sọ nípa rẹ̀. A gbìn, a bomi rin, a tu koríko, koríko tún hù. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló gbé gbogbo ọdún mì: àárọ̀ ọjọ́ yẹn ní oṣù kẹta tí Bàbá dìde nídìí ẹ̀fọ́, tí wọ́n dúró díẹ̀, tí wọ́n sì ṣubú lulẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá wa bọ̀ ọjọ́ ti pẹ́ mọ Bàbá, ẹ sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí ní oṣù kẹsàn-án. N kò ní tún un rò. Mo kàn fẹ́ kó ohun tí ọjọ́ náà kọ́ wa jọ síbì kan, torí pé ọ̀pọ̀ nínú wa tí a ti lé ní 60 ọdún ló fi iṣẹ́ ọgbà ṣe eré ìdárayá. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní bí a ṣe ń ṣe é.

Kì í ṣe àdá ló ṣe Bàbá, kì í ṣe òkúta, ilẹ̀ kò sì yọ̀. Ìdìde ló ṣe wọ́n. Bí èèyàn bá lóṣòó tàbí tó kúnlẹ̀ ti koríko fún 20 ìṣẹ́jú, ẹ̀jẹ̀ máa ń rọ̀ sí ẹsẹ̀. Bó bá dìde, ó yẹ kí òpó ẹ̀jẹ̀ fún, kí ọkàn sì yára díẹ̀ sí i, kí ẹ̀jẹ̀ lè gòkè dé orí. Lára àgbà, èyí máa ń lọ́ra. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tún lè dá kún un, pàápàá èyí tó ń mú ni tọ̀ lemọ́lemọ́. Bí onítọ̀hún kò bá tíì mu omi láti òwúrọ̀, tí oòrùn sì ti ń ta, òòyì dé nìyẹn: ojú á ṣú, orúnkún á rọ, ilẹ̀ á sì sún mọ́ tòsí.

Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ ìwọ̀n ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ nílé lè yẹ ara rẹ̀ wò. Kí ó dùbúlẹ̀ fún 5 ìṣẹ́jú, kí ó wọ̀n ọ́n. Kí ó dìde dúró, kí ó tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 1 àti lẹ́yìn ìṣẹ́jú 3. Bí nọ́ńbà òkè bá fi 20 wálẹ̀, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ fi 10 wálẹ̀, kí ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí ó gbé e lọ bá dókítà rẹ̀. Ẹnikẹ́ni má ṣe dá oògùn dúró fúnra rẹ̀ o. Ó lè jẹ́ pé àkókò tí à ń lò ó tàbí ìwọ̀n rẹ̀ ni dókítà máa yí padà.

Láti ìgbà náà, a kì í dìde ní ìkúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà mọ́. Ẹ kọ́kọ́ fi irinṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ di ìkúùkù, ẹ tú u, nígbà 10. Ẹ na ọrùn ẹsẹ̀, ẹ ká a, nígbà 10, kí ẹ̀jẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ẹ gbé ẹsẹ̀ tó lágbára jù síwájú kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì lé orí àpótí ìjókòó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ tì í, ẹ jókòó lé e. Ẹ ka 30 níbẹ̀. Ẹ wá dìde dúró, ẹ ka 10 kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ kankan. Bí òòyì bá bẹ̀rẹ̀, ẹ padà jókòó lójú ẹsẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ohun méjì ló máa ń ba èyí jẹ́. Àkọ́kọ́ ni kí èèyàn fi ọkọ́ tàbí igi tí ohun ọ̀gbìn ń gùn ṣe ọ̀pá ìdìmú. Ọkọ́ máa ń yọ̀ lórí ilẹ̀ líle, igi ọ̀gbìn sì máa ń fà tu. Èkejì ni àga oníke ẹlẹ́sẹ̀ tín-ín-rín, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń rì sínú ilẹ̀ rírọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Àpótí onípákó tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 40 sí 45, tí ìdí rẹ̀ gbòòrò, ló dára jù. Bí àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin bá ni ẹ ní, ẹ tẹ́ pákó fẹ̀ǹfẹ̀ sábẹ́ rẹ̀.

Ibi tó kàn ló nira fún mi láti kọ. A sáré gbé Bàbá dìde. Ìfẹ́ ló mú wa ṣe é, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ṣubú, ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀ ná, kó mí, kó sọ ibi tó ń dùn ún. Bí ìrora bá wà ní abẹ́nú itan tàbí ní igbáròkó, bí kò bá lè tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀, tàbí tí ẹsẹ̀ kan kúrú ju èkejì lọ tó sì yí síta, ó ṣeé ṣe kí egungun igbáròkó ti ṣẹ́. Ẹ má gbé e, ẹ má fà á. Ẹ fi aṣọ bò ó, ẹ ṣíji oòrùn fún un, ẹ pe àwọn tó mọ̀ ọ́n gbé. Bí kò bá sí ìrora, òun fúnra rẹ̀ ni kó fi ẹ̀gbẹ́ yí, kó wá sórí ọwọ́ àti orúnkún, kó rá dé ibi àpótí, kó sì dìde gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ lókè. Ẹni tó bá dá wà nínú ọgbà gbọ́dọ̀ ní fóònù nínú àpò. Fóònù tó wà lórí tábìlì nínú ilé kò gba ẹnikẹ́ni là.

Ọkọ́ Bàbá ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Àwọn ló máa ń sọ pé koríko kì í gba ìsinmi, kí ni ti àwa?

Ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ èèkù ọkọ́. Èèkù kúkúrú máa ń tẹ ẹ̀yìn ba, ẹ̀yìn tó tẹ̀ fún wákàtí kan sì máa ń gba ọjọ́ mẹ́ta kó tó na tán. Èèkù tí a máa fi dúró ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ dé èjìká ẹni tó ń lò ó, ó kéré tán. Kí ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 3 sí 4. Bó bá tín-ín-rín jù, ìka máa ń fún un le, oríkèé á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro. Ẹ fi rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ wé e. Ẹnu ọkọ́ gbọ́dọ̀ mú. Ọkọ́ tó kú máa ń mú kí a fi èjìká ṣe iṣẹ́ tó yẹ kí irin ṣe. Ẹ fi fáìlì lọ̀ ọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tún lọ̀ ọ́ bí ẹ bá ṣàkíyèsí pé ó ń fo lórí koríko dípò kó gé e. Kò yẹ kó wọlẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ. Ẹ máa yí ọwọ́ padà: bí ọwọ́ ọ̀tún bá ti wà níwájú fún ìṣẹ́jú 5, kí tòsì bọ́ síwájú. Ó máa ń dà bí ẹni pé kò bá ara mu ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ara ni iṣan nílò.

Àwọn kan bi wá léèrè nínú ọdún pé ṣé iṣẹ́ ọgbà tó eré ìdárayá lóòótọ́. Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé tí wọ́n gbé jáde ní 2020 ni pé kí ẹni tó ti pé 65 ọdún sókè máa ṣe ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, ní ìwọ̀n tí kò le jù tí kò sì rọ̀ jù. Kí ó fi ọjọ́ 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ fún iṣan ní agbára. Kí ó sì fi ọjọ́ 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ ṣe ohun tó ń mú ìdúró ara dúró ṣinṣin. Ìwọ̀n tí kò le jù ni èyí tí ẹ fi lè bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè kọrin. Títu koríko, kíkọ ebè, fífi réèkì kó ewé jọ, títi bárò, gbogbo wọn ló lè dé ibẹ̀. Kí a dúró kí a máa fi rọ́bà omi bomi rin kò dé ibẹ̀ rárá. Díẹ̀ ló fi ju ìdúró lásán lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ka wákàtí méjì ìbomirin mọ́ eré ìdárayá rẹ̀ ń tan ara rẹ̀ jẹ ni.

Ṣùgbọ́n ìbomirin kan náà lè di iṣẹ́ agbára bí a bá fi garawa gbé e. Lítà omi 10 jẹ́ kílò 10, yàtọ̀ sí ìwúwo garawa. Ẹ má fi ọwọ́ kan gbé e, ó máa ń fa ọ̀pá ẹ̀yìn sí ẹ̀gbẹ́ kan. Lítà 5 ní ọwọ́ ọ̀tún, lítà 5 ní ọwọ́ òsì, ẹ̀yìn nà, ẹsẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kó fi lítà 2 sí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, kó fi ìdajì lítà kún un lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Láti gbé e nílẹ̀, orúnkún ni kí ẹ ká, kì í ṣe ìbàdí. Kí garawa sún mọ́ ara. Bí ẹ bá fẹ́ yí, ẹsẹ̀ ni kí ẹ yí. Ká gbé ẹrù kí a sì lọ́ ẹ̀yìn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ló ń ba ìbàdí jẹ́ jù nínú ọgbà.

Ní ti ìdúró ara, ojú ọ̀nà àárín ebè méjì tó fún wa. Ẹ máa rìn ín pẹ̀lú gìgísẹ̀ kan níwájú ìka ẹsẹ̀ kejì, kí ọwọ́ wà nítòsí ohun tí ẹ lè dì mú. Ẹni tí kò bá lè dúró báyìí fún ìṣẹ́jú àáyá 10 láìdì nǹkan mú wà nínú ewu ìṣubú, kó fi í ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́.

Ìdánwò tí a gbé kalẹ̀ ní oṣù kẹrin ni ìdìde lórí àga. Àga tí kò ní ọwọ́, tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 43, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri. Ẹ ká ọwọ́ lé àyà, ẹ dìde tán, ẹ jókòó tán, ẹ ka iye tó ṣeé ṣe láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30. Ẹni tó bá fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ ti pàdánù. Obìnrin ẹni ọdún 65 sí 69 tí kò bá dé 11, ọkùnrin tí kò bá dé 12, agbára itan rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Láti 70 sí 74, obìnrin 10, ọkùnrin 12. A tún un ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àwọn kan fi méjì tàbí mẹ́ta kún ti tẹ́lẹ̀, ọpẹ́ ni. Àwọn kan dúró sójú kan, ọpẹ́ náà ni, nítorí iṣan kì í dúró sójú kan fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ orí yìí.

Àṣìṣe tó pọ̀ jù nínú ọdún ni kíkó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan jọ sí ọjọ́ kan. Ara máa ń gbà á lọ́jọ́ náà, lọ́jọ́ kejì àti ìkẹta ni ìrora á wá yọjú, ọgbà á sì di àpatì fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìṣẹ́jú 30 lọ́jọ́ márùn-ún ti pé 150. Ẹ fi ìṣẹ́jú 5 rìn kiri kí ara lè gbóná, ẹ pààrọ̀ iṣẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 tàbí 20: ẹni tó ń tẹ̀ba kó lọ nàró, ẹni tó ń gbé nǹkan kó lọ jókòó gbin irúgbìn. Ẹ mu omi kí ẹ tó jáde, torí òùngbẹ àgbà máa ń pẹ́ kó tó dé. Kí ẹ kúrò nínú oòrùn kí ó tó mú. Bí àyà bá ń fún, tí ìrora ń lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, tàbí tí èémí ń há, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ wá ìrànlọ́wọ́. Ẹ má parí ebè náà.

Ẹ yẹ àjẹsára tẹ́tánọ́ọ̀sì yín wò. Lẹ́yìn ọdún 10, ó yẹ kí a tún un gbà, kòkòrò rẹ̀ ń gbé inú ilẹ̀. Àpò ilẹ̀dú tí wọ́n dì, ẹ má tẹ imú bọ̀ ọ́: ẹ rọra là á, ẹ bomi wọ́n ọn kí eruku má baà gbé kòkòrò wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì kò gbọ́dọ̀ wọ ọgbà láìwọ ìbọ̀wọ́.

Ebè gíga tí a kàn ní oṣù kẹjọ ṣì ń fún mi láyọ̀. Ó gùn ní mítà 2, ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 120, ó ga ní 60. Bó bá fẹ̀ ju 120 lọ, ọwọ́ kò ní dé àárín láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, a ó sì máa tẹ̀ba lé e lórí, ibẹ̀ náà ni ẹ̀yìn tún ti ń bàjẹ́. Èyí tó fara ti ògiri kò gbọ́dọ̀ ju 60 lọ ní fífẹ̀. Ọ̀nà àárín jẹ́ 90 kí kẹ̀kẹ́ aláìlera lè kọjá. Ilẹ̀ tó gbà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà oníbùú-lóòró-àti-gíga kan àti ààbọ̀, ẹ má rò pé àpò mélòó kan máa kún un. Ẹ̀ka gbígbẹ àti ewé ni a fi kún ìsàlẹ̀, a mọ̀ pé yóò jó wálẹ̀, a sì ti fi àyè sílẹ̀ láti bù sí i.

A dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó bá wa ru pákó, àti lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ ránṣẹ́ béèrè wa ní oṣù kẹsàn-án tí a kò lè dáhùn. Ní oṣù kìíní, a fẹ́ yọ èèkù kúkúrú kúrò lára ọkọ́ Bàbá, kí a so gígùn mọ́ ọn. Màmá ni yóò máa lò ó. A ti wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ dé èjìká wọn: sẹ̀ǹtímítà 132.